Ẹ Yé Béèrè Pé "Ta Ló Yan Àwọn Wọ̀nyí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ọdún ìdìbò, bí ìwé ìdìbò oṣù kọkànlá bá ti dé ọwọ́ àwọn èèyàn wa ní Michigan, fọ́tò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri WhatsApp: "Ta ni eléyìí? Níbo ni wọ́n ti rí i? Ta ló fà á kalẹ̀?" Ẹnì kan á ní àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ni. Ẹlòmíì á ní owó ló sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé á mi orí, ó parí.

Mi ò sọ pé owó kì í ṣiṣẹ́ nínú òṣèlú Amẹ́ríkà o. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí, ẹni tó fà wọ́n kalẹ̀ kì í ṣe bàbá ìsàlẹ̀ kankan. Aládùúgbò yín kan ni, obìnrin tó ń tún ọgbà rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ Sátidé, tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan nínú oṣù karùn-ún nígbà tí ẹ̀yin ń sáré aṣọ ẹbí.

Gómìnà, sẹ́nétọ̀ àti àwọn aṣòfin, ìdìbò abẹ́lé oṣù kẹjọ la fi ń yàn wọ́n, ìyẹn yé tọmọdé tàgbà. Àwọn ipò kan wà tí kì í gba ibẹ̀ kọjá rárá: igbákejì gómìnà, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, Secretary of State tó ń bójú tó ìdìbò àti ìwé ìwakọ̀, àwọn tí ẹgbẹ́ ń fà kalẹ̀ fún ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Yunifásítì Michigan, Michigan State àti Wayne State. Ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń mú gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ẹ tún wo ti àwọn yunifásítì yẹn dáadáa. Èèyàn 8 ló wà nínú ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọdún 8 ni sáà wọn, ìpínlẹ̀ sì ń dìbò yan méjì ní ọdún méjì-méjì. Àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ sí iye tí ọmọ yín máa san. Òbí tó ń ráhùn owó ilé ẹ̀kọ́ Ann Arbor, ìlú tí Yunifásítì Michigan wà, látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò lè dá orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 8 náà, ẹ bá mi bi í pé ta ló ń bá wí.

Báyìí, ọ̀nà tí èèyàn lásán fi ń dé gbọ̀ngàn ìpàdé yẹn. Ti Rìpọ́blíkà ni màá kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ní àtẹ̀gùn.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹni tí wọ́n ń pè ní precinct delegate. Precinct ni àdúgbò kékeré tí gbogbo yín ti ń dìbò ní ibùdó kan náà. Ọdún méjì ni sáà rẹ̀, ìdìbò abẹ́lé oṣù kẹjọ ni wọ́n sì fi ń yàn án, nínú ìwé ìdìbò kan náà tí orúkọ gómìnà wà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18, kí ó máa gbé inú precinct náà, kí ó sì ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò níbẹ̀. Ẹni tó wà lórí green card, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ọ̀ràn tó lè dá èèyàn padà sílé sì ni fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè.

Ìwé kan péré ni wọ́n ń béèrè, Affidavit of Identity, ìyẹn ìwé ìbúra nípa ẹni tí ẹ jẹ́. Kò sí owó fọ́ọ̀mù. Kò sí pé kí ẹ lọ gba ìbuwọ́lùwé kiri òpópónà. Iwájú nótárì lẹ ti máa fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì yín. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday tó ṣáájú ìdìbò abẹ́lé náà ní ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn. Ní 2024, tí ìdìbò abẹ́lé bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ló já sí.

Níbi fọ́ọ̀mù tó rọrùn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á fọwọ́ sí i nílé, wọ́n á wá gbé e lọ bá nótárì pé kó bá àwọn tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí tí nótárì fi wà ni pé kí ó rí i bí ẹ ṣe ń fọwọ́ sí i. Wọ́n á kọ nọ́ńbà precinct tí wọ́n mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, láìmọ̀ pé ìlú ti pín ààlà tuntun. Àwa Yorùbá tún ní tiwa lọ́tọ̀: Olúwafúnmiláyọ̀ ló wà nínú ìwé olùdìbò, Funmi ló wà nínú fọ́ọ̀mù, orúkọ ọkọ wá ń bẹ lórí ìwé ìwakọ̀. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wo bí orúkọ yín ṣe wà lórí ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò ìpínlẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà precinct níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí àkókò bá ti kọjá, ọ̀nà ẹ̀yìn ṣì wà. Ẹ lè díje láìsí orúkọ yín lórí ìwé ìdìbò, kí àwọn aládùúgbò fi ọwọ́ kọ ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìpinnu ránṣẹ́ sí akọ̀wé káúńtì, ó pẹ́ tán aago mẹ́rin ọjọ́ Friday tó ṣáájú ìdìbò, tàbí kí ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò yín ní ọjọ́ náà gan-an kí wọ́n tó pa ibùdó dé. Láìsí ìwé yẹn, kí gbogbo àdúgbò kọ orúkọ yín, wọn ò ní kà á.

Ẹ má fojú kéré ọ̀nà ẹ̀yìn yìí. Àìmọye àga precinct delegate ló máa ń ṣófo, òmíràn sì wà tí ẹnì kan ṣoṣo ló du ú. Níbi tí àga bá ti ṣófo, ìbò àwọn ará ilé kan ṣoṣo lè gbé èèyàn wọlé. Ẹ sì sọ fún àwọn tó máa dìbò fún yín pé ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò, ní ìparí apá ti ẹgbẹ́, ni ipò yìí máa ń wà. Kí wọ́n má dìbò fún ọmọ Dẹ́mọ́kíráàtì kan kí wọ́n tún wá mú Rìpọ́blíkà kan nínú ìdìbò abẹ́lé. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ba gbogbo apá ti ẹgbẹ́ jẹ́, tiyín náà á sì bá a lọ.

Ẹ ti wọlé. Ẹ kò tíì dé ibì kankan o. Precinct delegate kì í ti ilé rẹ̀ lọ sí ìpàdé ìpínlẹ̀ tààrà. Ìpàdé káúńtì ló kàn, ní ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ́yìn ìdìbò, ibẹ̀ ni gbogbo precinct delegate ti ń yan àwọn tó máa ṣojú káúńtì àti àwọn adelé wọn. Iye tí káúńtì kọ̀ọ̀kan lè rán lọ, ìbò tí ẹgbẹ́ ń rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ ti kọ àkójọ orúkọ wọn kí wọ́n tó dé gbọ̀ngàn. Ẹnì kan á dìde, á ní kí ilé gba àkójọ náà bó ṣe wà, ẹlòmíì á ní òun kín in lẹ́yìn, àwọn tuntun á ṣì máa wá àga tí wọ́n máa jókòó sí nígbà tí ìbò ti parí. Bí ẹ kò bá ti pe alága káúńtì lórí fóònù ṣáájú, kí ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì mọ ẹni bíi márùn-ún tó máa dá orúkọ yín, inú mọ́tò lẹ máa ti gbọ́ àbájáde. Ẹ béèrè fún ipò adelé náà. Ọ̀nà jìn, owó mọ́tò àti ti hòtẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ ẹni ló ti ń jáde, àwọn kan kì í sì í yọjú. Nígbà náà ni adelé ń di ojúlówó.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin ní kí ìpàdé tó ń fa olùdíje kalẹ̀ wáyé lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í dúró dìgbà yẹn. Wọ́n ti máa ń ṣe ìpàdé ìfọwọ́sí ṣáájú, kí ẹni tí wọ́n bá mú lè tètè bẹ̀rẹ̀ ìpolongo. Ní 2022, ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ni Rìpọ́blíkà ṣe tiwọn ní Grand Rapids. Wọ́n mú Kristina Karamo fún Secretary of State, ẹni tí kò dé ipò ìjọba rí; wọ́n mú Matthew DePerno fún agbẹjọ́rò àgbà, ó fìdí Tom Leonard, ẹni tó ti jẹ́ olórí ilé aṣòfin, janlẹ̀. Àwọn wo ló dìbò lọ́jọ́ náà? Àwọn tí àwọn precinct delegate tó wọlé ní oṣù kẹjọ 2020 yàn ní ìpàdé káúńtì. Àwọn tó bínú sí àbájáde yẹn, tí wọ́n wá sáré díje ní oṣù kẹjọ 2022, bá ọ̀rọ̀ ní jíjẹ tán: ní Lansing, ọjọ́ 27 oṣù náà, ṣe ni ilé kàn fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọhùn lórí agbẹjọ́rò àgbà Michigan gbọ́dọ̀ ti kọ fọ́ọ̀mù ní bí ọdún méjì ṣáájú, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé òun fẹ́ díje. Ta ló ń rántí òṣèlú nígbà náà? Àwọn tí inú ń bí ni. Àwọn tó gbà pé wọ́n jí ìbò ààrẹ 2020 rántí, wọ́n kọ fọ́ọ̀mù ní 2022, wọ́n sì jókòó ní ìpàdé tó súni dé òru. Ní oṣù kejì 2023, ìpàdé ẹgbẹ́ yìí kan náà sọ Karamo di alága ìpínlẹ̀.

Ti Dẹ́mọ́kíráàtì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìpàdé lè wọlé dìbò fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2018, ní Detroit, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mọ́tò, UAW, wà lẹ́yìn Pat Miles fún agbẹjọ́rò àgbà. Àwọn alátìlẹ́yìn Dana Nessel, àwọn tó ń jà fún òmìnira igbó mímu náà wà lára wọn, kó ara wọn jọ, wọ́n forúkọ sílẹ̀ lásìkò, wọ́n sì kún gbọ̀ngàn. Nessel mú un. Ó tún mú un ní oṣù kọkànlá.

Ibẹ̀ ló ti ń dà mí láàmú díẹ̀. Karamo tí àwọn tó jókòó ní Grand Rapids yàn, Jocelyn Benson ti Dẹ́mọ́kíráàtì fi nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ju ú lọ. DePerno náà fìdí rẹmi. Ìlẹ̀kùn kan náà, iṣẹ́ àṣekára kan náà, àwọn tí kò ní owó ló gbà á wọlé lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ìpínlẹ̀ gba ọ̀kan, ó kọ èkejì. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé gbogbo ipò yìí lọ sí ìdìbò abẹ́lé oṣù kẹjọ, kí gbogbo èèyàn dìbò. Èsì mi sí wọn tẹ́lẹ̀ ni pé, bó bá di bẹ́ẹ̀, ẹni tó lówó ìpolówó tẹlifíṣọ̀n ni yóò máa gbé e, fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ yẹn á sì di ìwé lásán. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè búra mọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó dáa jù, kó sọ ọ́, ká gbọ́. Kó kàn kọ́kọ́ sọ bóyá òun mọ nọ́ńbà precinct òun.