Ẹ má da nẹ́gátíìfù nù: fọ́tò kò lè rọ́pò rẹ̀

"Ṣebí fọ́tò ti wà nínú álíbọ́ọ̀mù, kí la tún ń fi nẹ́gátíìfù ṣe?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń tún yàrá àgbà ṣe. Wọ́n á fi fóònù ya àwọn fọ́tò náà, wọ́n á sì kó nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ya fọ́tò náà, tí dúdú ti di funfun, tí funfun sì ti di dúdú lára rẹ̀, dà sí ààtàn. Wọ́n gbà pé ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí, torí èyí tó lọ́rọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń sọnù.

Nẹ́gátíìfù ni ìyá, fọ́tò ni ọmọ. Fíìmù ló wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ ìnáwó. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fọ fọ́tò láti ara rẹ̀ sórí ìwé, ìwé kì í sì í gba gbogbo ohun tí fíìmù gbà. Wọ́n gbé fọ́tò ìgbéyàwó aláwọ̀ dúdú-àti-funfun kan wá bá mi pẹ̀lú nẹ́gátíìfù rẹ̀. Lórí fọ́tò, léèsì ìyàwó kàn funfun báláú ni, ojú rẹ̀ sì ti wọ inú òjìji gèlè. Nígbà tí mo gbé nẹ́gátíìfù sí iná, gbogbo òdòdó ara léèsì ló pé síbẹ̀, títí dé ihò wínníwínní etí ọwọ́ bùbá. Nẹ́gátíìfù náà dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sẹ̀ǹtímítà 6 sí 6, bẹ́ẹ̀ fọ́tò gbọọrọ ni wọ́n fọ níjọ́sí. Wọ́n ti gé àbúrò ìyá ìyàwó dànù. Èjìká rẹ̀ nìkan ló kù lórí ìwé. Nínú nẹ́gátíìfù, màmá náà dúró digbí.

Àwọn mìíràn á ní ó ti pẹ́ jù, kò lè mú nǹkan jáde mọ́. Fàdákà ló ń gbé àwòrán dúró nínú nẹ́gátíìfù dúdú-àti-funfun, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìṣá bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Láti ara irú nẹ́gátíìfù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ti ń fọ fọ́tò ńláńlá ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nẹ́gátíìfù aláwọ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, torí àwọ̀ aró ló wà nínú rẹ̀, aró a sì máa ṣá. Síbẹ̀, ó sábà máa ń sàn ju fọ́tò tí oòrùn ti ń pa lára ògiri pálọ̀ lọ.

Síkánà ọ́fíìsì lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí iná rẹ̀ kì í gba inú fíìmù kọjá. Èyí tó ní iná nínú ìdérí ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá fi 2400 dpi (iye àmì tóótòòtó tí síkánà ń kà nínú ínǹṣì kan) ya nẹ́gátíìfù 35mm, irú kékeré tó wọ́pọ̀ jù, ẹ lè fọ fọ́tò tó fẹ̀ tó ínǹṣì 11 sí 7 láìṣe bàìbàì. Bí kò bá sí, ẹ ṣí ojú ewé funfun lórí fóònù kan, ẹ gbé nẹ́gátíìfù ga díẹ̀ sókè rẹ̀, kí ẹ fi fóònù kejì yà á, kí ẹ wá yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kí dúdú di funfun, kí funfun di dúdú, nínú áàpù tí ẹ fi ń tún fọ́tò ṣe. Ti aláwọ̀ á kọ́kọ́ jáde bíi búlúù. Ẹ ó tún àwọ̀ náà ṣe.

Etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, pàápàá èyí tó ti hu, torí àwòrán lè bó kúrò lára rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bíi fínígà ti ń jẹra: ẹ yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn yòókù, kí ẹ sì tètè yà á. Kò sí ohun tí èèyàn lè rí ṣe sí èyí tí ooru ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, àfi ẹni tó mọṣẹ́ gidi.

Bí ẹ bá yà á tán, ẹ má sọ ọ́ nù o. Inú ẹ̀ńfílóòpù ìwé ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ gbé e jìnnà sí páànù tó ń gbóná. Kí ẹ tó kó o síbẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo ẹni tí àgbà ilé bá dá mọ̀ sára ẹ̀ńfílóòpù náà.