Báà tó kún kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì tó yá

Ẹnìkan tún ti gbé ìbéèrè yìí jáde láàárọ̀ yìí. Ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, báà Wi-Fi (àwọn ìlà kéékèèké tó ń fi agbára rẹ̀ hàn) kún dẹ́múdẹ́mú lókè níbẹ̀, ó wá ń bèèrè ìdí tí fídíò fi ń yí láìdúró nígbà tí “nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kún.” Ni ìmọ̀ràn bá ń rọ́ wọlé: ra extender (ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi ráútà tó sì ń tún un tàn síwájú), ra ráútà oní-éríálì mẹ́fà, lẹ fóìlì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí gan-an ni báà yẹn ń wọ̀n.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń wọ̀n: bí fóònù yín ṣe ń gbọ́ ráútà tó. Ráútà wà ní pálọ̀, fóònù wà lọ́wọ́ yín, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ìrìn tó kù, láti ráútà dé òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, láti orí òpó dé ibi tí fídíò ti ń bọ̀, báà Wi-Fi kò rí i rárá. Kí páìpù tó ti táǹkì wọ kíṣìnnì tóbi tó itan, bí omi kò bá sí nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ ó bá lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ pa MiFi (ráútà kékeré alágbèéká) tàbí ráútà 4G yín, ẹ yọ síìmù inú rẹ̀, ẹ tún un tàn. Bó bá jẹ́ fáíbà lẹ ń lò, ẹ má fọwọ́ kan wáyà fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn o, kíá ló ń ṣẹ́; wáyà LAN tó ti inú àpótí fáíbà wọ ojú ihò WAN lára ráútà ni kẹ́ ẹ yọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ wo fóònù. Ó lè sọ fún yín pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ báà ṣì kún bó ṣe wà. Síìmù wà lórí tábìlì, dátà kankan kò wọlé, báà kò sì dín ẹyọ kan. Èyí nìkan ì bá ti tó láti parí ọ̀rọ̀.

Extender ló tiẹ̀ ń jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí gbilẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú lọ́jà, rédíò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ráútà, á tún un sọ fún fóònù lórí ojú ọ̀nà kan náà, kò sì lè gbọ́ kó máa sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, eré á já sí nǹkan bí ìdajì. Àwọn èèyàn á tún wá so ó mọ́ iná ní yàrá tí Wi-Fi kò dé mọ́, extender á máa fi báà kíkún pín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó rí gbà. Fóònù yọ̀, fídíò dúró. Bẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ lo extender, àárín ráútà àti yàrá yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e sí, níbi tí áàpù WiFi Analyzer ṣì ti ń ka bíi −65 dBm fún ráútà (dBm ni ìwọ̀n agbára ohùn rédíò; bó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe lágbára tó). Èyí tó dára jù ni kẹ́ ẹ fa wáyà LAN Cat5e lọ sí yàrá yẹn (ó lè rìn tó 100 mítà) kẹ́ ẹ so access point, ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi látinú wáyà, mọ́ ẹnu rẹ̀.

Báà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ti síìmù, ńkọ́? Òun náà kì í ṣe ìwọ̀n tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Ẹni tó ṣe fóònù ló ń pinnu ibi tí báà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2010, nígbà tí àríyànjiyàn gbóná lórí bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì iPhone 4 ṣe ń lọ sílẹ̀ bí èèyàn bá dì í mú, Apple fẹnu ara wọn sọ pé ìṣirò tí àwọn fi ń ya báà kò tọ̀nà rárá, pé nígbà mìíràn ó ń fi báà méjì lé e ju bó ṣe yẹ lọ.

Èsì tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé “ṣùgbọ́n bí báà bá lọ sílẹ̀, kì í yá.” Òótọ́ ni. Bí ilẹ̀kùn bá tì, àlejò kò lè wọlé. Pé ilẹ̀kùn ṣí kò túmọ̀ sí pé àlejò ń bọ̀.

Ping ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ tó sì fi ń padà dé, ní ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá). Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ping 192.168.8.1 -n 20. (Àdírẹ́sì tó bá wà lára sítíkà ẹ̀yìn ráútà yín ni kẹ́ ẹ lò, ó lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1.) Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ping 8.8.8.8 -n 20, àdírẹ́sì Google tó wà níta. Bí ti àkọ́kọ́ bá dúró sí 2 sí 10 ms, tí ìkejì ń ka 400 tàbí tó ń kọ Request timed out, ilé yín kò láìsàn, ìta ni wàhálà wà. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ló ń fò láti 3 sí 200, Wi-Fi yín ló dàrú: ẹ lọ sórí Wi-Fi 5 GHz bẹ́ ẹ bá wà nítòsí ráútà, bó bá jẹ́ 2.4 GHz nìkan ló dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ yan channel (ojú ọ̀nà rédíò) 1, 6 tàbí 11, èyí tí àwọn aládùúgbò kò pọ̀ sí, ẹ sì fi fífẹ̀ rẹ̀ sí 20 MHz.

Bí wàhálà bá wà níta, ẹ tẹ àdírẹ́sì ráútà yẹn sínú bíráọ́sà, ẹ wọlé, ẹ wá ojú ewé tó ń fi RSRP àti SINR hàn. RSRP ni bí ohùn òpó ṣe ń dún tó: −80 dára gan-an, −100 ṣeé fara dà, ìsàlẹ̀ −110 kò dára. SINR ni bí ohùn yẹn ṣe yàtọ̀ sí ariwo tó: 20 sókè dára gan-an, 13 kò burú, bó bá ti súnmọ́ òdo ẹ ti dé inú ìyà. Báà orí ráútà sábà máa ń wo agbára ohùn, kò bìkítà fún ariwo. Ìdí nìyẹn tí ráútà tó ní RSRP −78 àti SINR 1 fi ń fi báà kíkún hàn tó sì ń rá bí ìgbín. Ó dà bí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè níbi ìnáwó: ohùn ń dé, ọ̀rọ̀ kò yé.

SINR ni kẹ́ ẹ máa lé. Ẹ gbé ráútà lọ síbi fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tún un kọ. Irin ojú fèrèsé, páànù, fíríìjì, dígí ńlá, fèrèsé onígíláàsì dúdú tó ń dán, gbogbo wọn ló ń dínà. Ẹ má gbé e sínú oòrùn, torí bó bá gbóná, òun náà á rọ̀.

Ṣé éríálì ìta lẹ fẹ́ rà? Wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. RG58, wáyà éríálì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gbé fún èèyàn, ń jẹ nǹkan bíi 1 dB (ìwọ̀n agbára tó ń sọnù) ní mítà kan ní 2600 MHz. Mítà 10 á jẹ 10 dB, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Éríálì tí wọ́n kọ 9 dBi (agbára tó ń fi kún un) sí lára ti jẹ gbèsè kó tó dé ráútà. Ẹ lo LMR-400, wáyà tó nípọn jù ú lọ tí kì í jẹ púpọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé ráútà súnmọ́ éríálì kẹ́ ẹ sì fi wáyà LAN rìn ọ̀nà tó kù. Wáyà méjì ni o, torí ihò méjì ló sábà máa ń wà lára ráútà. Ẹ tún wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: TS-9 ló sábà máa ń wà lára MiFi, SMA lára ráútà ńlá, RP-SMA ti éríálì Wi-Fi jọ SMA, á tiẹ̀ wọ̀ ọ́, àmọ́ abẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ kò ní bá ara wọn pàdé.

Ó ku ìgbà tí gbogbo nọ́ńbà dára, tí kò sì yá. Ẹ wọn eré rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ tún un wọ̀n ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bó bá jẹ́ 30 Mbps (ìwọ̀n eré íntánẹ́ẹ̀tì) ní ìdájí tó wá di 2 lálẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èrò ló pọ̀ lórí òpó yín. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè ti inú ilé rẹ̀ ka iye wọn. Bó bá jẹ́ 1 tọ̀sán-tòru, ẹ wo dátà tó kù ní *323#, kẹ́ ẹ sì ka àdéhùn ètò “unlimited” yín, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fa ìjánu lẹ́yìn iye GB kan. Bó bá jẹ́ èrò ni, ẹ yá síìmù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn lọ́wọ́ ẹnìkan ládùúgbò, ẹ fi síìmù náà sínú ráútà kan náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ yẹn, bí ráútà yín kò bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n tì mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan, kẹ́ ẹ wọn eré rẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó lé ohunkóhun.