Dróònù kì í ṣe ojú Ọlọ́run

Tí wọ́n bá ti jí èèyàn gbé báyìí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ: "Ṣebí ìjọba ní dróònù, wọ́n ń wo àwọn ajínigbé yẹn kedere nínú igbó, wọn ò kàn fẹ́ mú wọn ni." Mi ò gbè sẹ́yìn ìjọba o, ẹjọ́ tiwọn ò lóǹkà, àmọ́ irọ́ ni ti dróònù tó ń rí gbogbo nǹkan yẹn.

Ẹ wo Reaper, dróònù ológun Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfuurufú tí kò sí awakọ̀ nínú ẹ̀, tó lè wà lókè fún wákàtí tó ju 20 lọ. Kámẹ́rà ẹ̀ lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ tòsí tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tó ń rí á ṣe máa kéré sí i, tó bá ti tẹjú mọ́ ọkọ̀ kan, abúlé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lè máa jóná kó má mọ̀. Àwọn tó ń lò ó gan-an ní ṣe ló dà bíi kéèyàn máa ti inú sítíróò tí wọ́n fi ń mu mínírà wo ìta. Èyí tó ń fi ooru ara ríran ńkọ́? Kò ríran wọnú ilé, ewé tó bá ki á dí i lójú, ìkùukùu náà á dí i. Rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá nǹkan, lè la ìkùukùu kọjá o, kò kàn ní fi ojú ẹnikẹ́ni hàn yín ni.

Ẹnìkan á ní Chibok ńkọ́. Ó da. Oṣù kẹrin 2014 ni wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ, nígbà tó di oṣù karùn-ún Obama rán bíi sójà 80 lọ sí Chad pẹ̀lú dróònù pé kí wọ́n bá wa wá wọn. Ní 2016, Andrew Pocock tó ti ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà sọ pé Amẹ́ríkà rí tó bí 80 nínú wọn látòkè, nídìí igi ńlá kan nínú igbó Sambisa. Wọ́n rí wọn! Ohun tó tún sọ ni ẹ kì í pín kiri: tí sójà bá gba ilẹ̀ lọ, àwọn ajínigbé á ti rí wọn lókèèrè, wọ́n á pa àwọn ọmọ, tí wọ́n bá sì gba òkè lọ, ẹ̀mí àwọn ọmọ yẹn náà ló wà nínú ewu.

Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé dróònù lè rí èèyàn kó má mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ní Kabul, lórílẹ̀-èdè Afghanistan, ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2021, àwọn sójà Amẹ́ríkà fi dróònù tẹ̀ lé Corolla funfun kan fún bíi wákàtí 8, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń yà síbí yà sọ́hùn-ún, wọ́n rí i tí wọ́n ń kó nǹkan sínú búùtù, wọ́n ní bọ́ǹbù ni. Kẹ́ẹ̀gì omi ni o jàre! Ẹni tó ń wa mọ́tò yẹn, àjọ tó ń pín oúnjẹ ló ń bá ṣiṣẹ́. Èèyàn 10 ló kú, ọmọdé ni 7 nínú wọn, Pentagon, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, fúnra wọn padà gbà pé àwọn ṣì í pa ni.

Ká tún wálé. Tudun Biri ní Kaduna, ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 2023, àwọn ará abúlé ń ṣe Máólúdì lálẹ́ ni dróònù sójà ju bọ́ǹbù lù wọ́n, àwọn tó yè é ní báwọn èèyàn ṣe sáré wá gbé àwọn tó fara pa ni ìkejì tún balẹ̀. Wọ́n sin èèyàn tí kò dín ní 85. Kámẹ́rà yẹn ò bàjẹ́ o, èrò tó pé jọ síbì kan ló rí, ẹni tó wà nídìí ẹ̀ ló ní ọ̀daràn ni wọ́n.