Tísà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìkéré, àwọn ẹbí yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká, wọ́n ń jiyàn lórí aṣọ tí a ó fi sin wọ́n. Ojú bàbá là sílẹ̀. Nígbà tí omi bọ́ lójú wọn, ẹnìkan ní, "Àìsàn yẹn náà ni. Wọn ò mọ nǹkan kan mọ́."

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nìyẹn: ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ti gba iyè rẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí ìbànújẹ́ tó lè dùn ún. Irọ́ gbáà ni.

Ọ̀rọ̀ sísọ ní ibùdó tirẹ̀ nínú ọpọlọ, apá òsì ló sì wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Lọ́dún 1861, Paul Broca, dókítà ará Faransé, ròyìn ọkùnrin kan tó jẹ́ pé "tan" nìkan ló máa ń fi dáhùn ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Nígbà tó kú, apá òsì ọpọlọ rẹ̀, níwájú, ni wọ́n ti rí ibi tó bàjẹ́. Aphasia ni àwọn dókítà ń pe irú àìsàn yìí. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ bá mú ló máa ń ní in. Ti ẹlòmíràn, ohun tí à ń sọ gan-an kì í yé e tán, síbẹ̀ ìtìjú ń tì í, ó mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Tísà (bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí nìyẹn) kò lè pe orúkọ ìyàwó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn kí ẹ wò ó! Ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n fi ń ta á, wọ́n sì nà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra.

Àdúrà alẹ́ ló wá da ilé rú. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run," Tísà á bá wa kà á dé "Àmín," ketekete. Àbúrò wọn obìnrin ní wọ́n ń díbọ́n ni. Ẹlòmíràn ní ayé ló dè wọ́n láhọ́n. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnu ti mọ́ láti kékeré, orin, àdúrà, ení èjì, kì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hun. Èébú pàápàá máa ń yọ́ jáde. Ẹ má bínú sí wọn.

Ìbànújẹ́ tó ń dorí ènìyàn kodò wọ́pọ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ó sì máa ń pọ̀ sí i lára ẹni tí kò lè sọ pé ayé sú òun. Lóòótọ́, ọpọlọ tó fara pa lè mú ènìyàn sunkún láìnídìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn, tó kọjú sógiri bí àlejò bá dé, tó kọ iyán (ní Èkìtì o!), ẹ má pe ìyẹn ní àìsàn lásán. Dókítà lè bi ará ilé léèrè ìwà rẹ̀, ó lè fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti èyí tó fajú ro hàn án pé kó tọ́ka sí tirẹ̀. Oògùn wà fún un. Nígbà tí mo dárúkọ àwọn oníṣègùn ọpọlọ, ní ọsibítù ńlá tó wà ní Adó tàbí Ìdó, èsì tí mo gbà ni, "Ṣé o fẹ́ sọ Tísà di wèrè ni?" Ta ló sọ pé wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú?

Nínú ilé, a kọ́kọ́ pa rédíò. Ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní gbólóhùn kúkúrú, a ó sì dúró. A kì í pariwo, etí wọn ò kúkú di. A kì í ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìwé kíkọ sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bẹ́ẹ̀ ni" lè bọ́ sẹ́nu wọn dípò "bẹ́ẹ̀ kọ́", nítorí náà à ń wo àtàǹpàkò wọn. Bí kò bá yé wa, a ó sọ pé kò yé wa. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn ọmọ iléèwé wọn àtijọ́ tó ń wá ta ayò lọ́jọ́ Sátidé ló mú ojú wọn tún mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó jiyàn lórí aṣọ wá kí wa. Tísà nawọ́ òsì, wọ́n fi ìka méjì ra etí ìró rẹ̀ wò, wọ́n mirí pé rárá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.