Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ àbúrò mi, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Òkèsà, Iléṣà, ti ń fi orin kan ṣoṣo jí gbogbo agbo ilé: “We Gotta Get Out of This Place”, ìyẹn ni pé, a gbọ́dọ̀ kúrò níbí yìí. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní The Animals, àwọn ọmọ Newcastle ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1965. Ọ̀dọ́ kan ni ó ń ké nínú rẹ̀ pé ìlú òun ti fún òun lọ́rùn, iṣẹ́ àṣekú sì ń pa bàbá òun lọ. Ọmọ náà ní bí Iléṣà ṣe rí lára òun gan-an nìyẹn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó jáde níhòòhò, ojú ọjà kọ́ ni yóò ti wọṣọ. Èmi kò sọ pé kí ọmọ má jáde. Ìjẹ̀ṣà wo ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn baba wa Òṣómàáló ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi pé, ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ti kó ìforítì lọ, ilé náà ni èrè sì padà sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà ni wọ́n kóra jọ sí Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe láti tún ìlú ṣe, ẹgbẹ́ yìí ni ó sì dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934.

Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ni pé tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, Barry Mann àti Cynthia Weil, ni wọ́n kọ orin yìí, àti pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n wà lójú ogun ní Vietnam sọ ọ́ di tiwọn. Níbo ni wọ́n ń wá lọ? Ilé ni. Orin tí ọmọ wa fi ń sá kúrò nílé, òun ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ fi ń sunkún ilé.

Mo sọ ọ́ fún un. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó wà nílé tí yóò fún mi ní ẹ̀ṣọ́ náà?” Ọdún kejì rè é tí ó ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná, kò sì rí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnu mi wọhò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ilé alájà mẹ́ta, tí ẹ fi ọlọ́dẹ kan ṣoṣo ṣọ́ ọ, tí ẹ kì í sun inú rẹ̀ àfi bí a bá ń ṣe ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà tàbí tí a bá ń sìnkú, ojú wo ni ẹ fi ń bínú pé àwọn ọmọ kò fẹ́ràn ìlú? Owó tí ẹ fi ń pa màlúù lọ́jọ́ kan tó owó tí ọmọ méjì lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé yín. Ẹ fi ọmọ kan sínú rẹ̀, ẹ má sì gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Ní Sátidé tó kọjá, mo kó àwọn àpò sìmẹ́ǹtì kúrò nínú yàrá iwájú ilé mi, ọmọ àbúrò mi sì ti ń kùn ún lọ́dà. Ẹ̀yin tí ilé yín tóbi ju tèmi lọ, kí ni ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ yín ṣe?