Àtúnṣe: Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà kò lè pàṣẹ abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Wọ́n ń pín in kiri pé òfin Amẹ́ríkà kò fún ìjọba kankan lágbára láti pàṣẹ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Irọ́ ni. Lọ́dún 1905, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù níbẹ̀ dá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jacobson lẹ́bi: ó kọ abẹ́rẹ́ nígbà tí ṣànpọ̀nná ń jà ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Dọ́là 5 ni owó ìtanràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì í mú gún un lábẹ́rẹ́ (àwọn tó ń fi ẹjọ́ yìí dẹ́rù bani kì í sọ ìyẹn).

Agbára ìpínlẹ̀ nìyẹn o. Ti ìjọba àpapọ̀ kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀: ní oṣù Kìíní 2022, ilé ẹjọ́ náà dá àṣẹ abẹ́rẹ́-tàbí-àyẹ̀wò kòrónà (kí òṣìṣẹ́ gba abẹ́rẹ́ tàbí kó máa ṣe àyẹ̀wò) fún iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 100 sókè dúró, àmọ́ ó fàyè gba ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀.