Ẹ Jẹ́ Kí Àgbálùmọ̀ Pọ́n Ná!

Ọdọọdún ni wọ́n ń bí mi nínú báyìí. Kí oṣù Kejìlá tó wọlé, àwọn ará àdúgbò wa ní Ìbarà níbí ti gbé igi gígùn, wọ́n ti ń fi já àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé mi. Èso tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé! Wọ́n á gé e jẹ, oje á lẹ̀ mọ́ wọn létè, ojú á fún pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ nù. Wọ́n á wá ní igi mi ló kan. Igi wo ló kan? Ẹ̀yin lẹ ò ní sùúrù!

Ìbẹ́pẹ lèèyàn lè já bó bá ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ lára, á parí rẹ̀ sínú ilé. Píà tó ti gbó, ilé náà ló ti ń rọ̀. Àgbálùmọ̀ ní tiẹ̀, tó bá pọ́n dáadáa, á já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣáà ṣà á nílẹ̀ láàárọ̀, kò ní oje púpọ̀, ó sì dùn.

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ń fà ya, tòun ti èso wẹ́wẹ́ tí ò tíì dàgbà. Àwọn ìyá ọmọ á dúró, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kanlẹ̀kùn. Tó bá pọ́n, màá bù fún yín.